Orúkọ Tí Mo Fi Ń Pè É

Láti ìgbà tí ọmọ wa ti kú, ọkọ mi kò lè jẹun, kò lè sùn. Òun náà bá gba Ilé Òfìfo lọ, níbi tí wọ́n ti ń pa ìrántí òkú àti ohun gbogbo tó rọ̀ mọ́ ọn rẹ́ lọ́kàn ènìyàn, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń lọ. Àná ló dé. Ojú rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín sí adìyẹ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ òkú létí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò pe ọkọ mi lórúkọ rí láyé mi.

"Bàbá Mórẹ́nikẹ́, oúnjẹ ti délẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Ta ní ń jẹ́ Mórẹ́nikẹ́?"

Mo ṣí ìdérí àwo oúnjẹ. "Àṣìpè ni. Oyèdìran, wá jẹun."

Ó jẹ àjẹtán, ó tún bèèrè sí i. Kò sẹ́ni tí yóò pè mí ní Ìyá Mórẹ́nikẹ́ mọ́.