Àga Tí Ìyá Ń Jókòó Sí

"Ẹ kú ìdánwò o," ni àwọn ìyá ń kí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yunifásítì wa. Òfin ni: ẹ̀rọ ìwòsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lò ó kí aláìsàn kankan tó lò ó.

Èmi àti Adégòkè la jọ ṣe tiwa. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára èèyàn, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ń dá a padà. Adégòkè tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ló to irin àti rọ́bà rẹ̀ pọ̀. Èmi tí mò ń kọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò.

Lánàá, màmá mi jókòó sórí àga ẹ̀rọ náà, wọ́n sì délé ní àlàáfíà. Lónìí, ó kan màmá Adégòkè. Wọ́n ká apá bùbá wọn sókè. Bí mo ṣe mú abẹ́rẹ́, Adégòkè di ọwọ́ mi mú.

"Ìtùnú, dúró ná. Nọ́ọ̀tì kan ti tú díẹ̀ nídìí rọ́bà yẹn. Jẹ́ kí n fún un le."

"Ìgbà wo lo rí i?"

Ó wolẹ̀. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta."

Inú bí mi, mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Màmá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta? Ẹni tó jókòó síbí lánàá, ṣé òun kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ ni?"

Adégòkè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá rẹ̀ ní ilé wa, níwájú màmá mi, ni kó ti lọ dọ̀bálẹ̀, kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Wọn ò sì gbé apá wọn kúrò lórí àga.