Àwọn Tó Jáde Láti Inú Òkun

Ọdún mẹ́ta ni Mafimisẹ́bi, apẹja ará Ìlàjẹ, fi kọ ìwé sí ìjọba pé kí wọ́n má jẹ́ kí iléeṣẹ́ kan wá gbẹ́ ìsàlẹ̀ òkun nítorí àlùmọ́ọ́nì. Síbẹ̀, ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà dé. Láti ọjọ́ náà ni yanrìn etíkun ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, òun àti Mọ́ṣebọ́látán ìyàwó rẹ̀ jókòó sétí omi. Lójijì, ìgbì dákẹ́. Wọ́n wá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú omi, bí ẹni pé èrò púpọ̀ ń bọ̀.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ jáde, ó ru ẹrù. Aṣọ rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ẹ kú alẹ́, ìyá," Mafimisẹ́bi kí i. "Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ilé wa nísàlẹ̀ òkun ni. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ wó."

"Mo bẹ̀ wọ́n, ìyá. Wọn ò gbọ́."

"Àwa gbọ́ ọ, ọmọ mi."

Mọ́ṣebọ́látán bú sẹ́kún. "Bí ẹ̀yin bá lọ, ta ni yóò wá máa ṣọ́ òkun?"

Ìyá náà tún ẹrù orí rẹ̀ ṣe. Ó kọjá lára wọn lọ sínú òkùnkùn. Àwọn èèyàn rẹ̀ tò tẹ̀lé e, tọmọdé tàgbà, kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wo omi.