Ìtọ̀ Tó Pọ́n Bíi Sóbò

Bíi ti gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, Mopélọ́lá tò sórí ìlà nílé-ìwòsàn àwọn tí ẹ̀rọ ń bá ọkàn wọn ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Iná ẹ̀rọ náà, aláwọ̀ ewé, ń tàn lábẹ́ aṣọ oníkálukú. Nígbà tó kàn án, kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀:

"Ẹ̀rọ yín ò ní fọ́ ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ tẹ 'Mo gbà' kí ilẹ̀kùn àbájáde lè ṣí."

Mopélọ́lá gbé ìgò ìtọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ gbì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wo nǹkan tí mo tọ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ̀jẹ̀ tí kò fọ́ ló ń sọ ìtọ̀ di pupa báyìí?"

Nọ́ọ̀sì Àdùfẹ́ ò wo ìgò náà. "Àǹtí, ẹ má bínú. Òfin ò gbà wá láyè láti yẹ ìtọ̀ wò mọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti sọ tẹ́lẹ̀ la máa ń kọ."

"Ẹ̀jẹ̀ àwọn wo ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà yìí níṣẹ́?"

"AA ni gbogbo wọn, mà."

"SS lèmi!" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. "Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ṣírò tèmi, ẹ wá ní kí n gbà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká lọ," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Mopélọ́lá yíjú sí àwọn tó tò lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ni ìtọ̀ rẹ̀ ń pọ́n níbí? Ẹ nawọ́!"

Ọkùnrin tó ń kánjú náà ló kọ́kọ́ nawọ́. Obìnrin kan tẹ̀lé e, ẹlòmíì tún nawọ́, títí ọwọ́ fi pé mẹ́jọ.

Ìkẹsàn-án ni ti Nọ́ọ̀sì Àdùfẹ́, tí iná aláwọ̀ ewé ń tàn lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.