Lẹ́tà Òróró Orúnkún

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù dún nínú yàrá kékeré tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí Abọ́dúndé ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ adójútòfò kan nítòsí Kaneshie.

"Búròdá, ó tún ti dé."

"Òróró orúnkún?"

"Òun náà ni. Ó ní orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!"

"Mò ń bọ̀."

Abọ́dúndé tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó gun òkè lọ. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tó ti dé Accra láti Ìlá, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà òróró yìí, ímeèlì àwọn tó ń polówó òróró orúnkún, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kò fẹsẹ̀ kan àjà kẹta rí. Kò ní iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ ọ nílé pé ènìyàn kì í gun àtẹ̀gùn ẹlòmíràn láìní ohun tó bá wá. Níwájú olówaakye, obìnrin tó ń ta ìrẹsì ẹlẹ́wà lẹ́nu géètì, ni òun àti Ràfíátù, ọmọbìnrin tó pè é yìí, ti máa ń pàdé nígbà náà. Ẹ káàárọ̀, ẹ káàárọ̀, ó parí.

Ràfíátù ti gbé àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Cow Lane, ní Accra níbí, ni wọ́n bí i sí, bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá.

Afeefah, tó ń lo tábìlì tó kángun sí tirẹ̀, yọjú. "Dókítà orúnkún ti dé! Búròdá, asẹ́ tí ẹ fi ń sẹ́ ímeèlì wa yìí mà ti lu o."

"Ogójì pàǹtí ló mú láàárọ̀ yìí," ni Abọ́dúndé wí. "Ẹyọ kan ló bọ́."

"Ẹyọ kan náà lójoojúmọ́, sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn."

Ó jókòó. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ràfíátù tú bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà sílẹ̀ láàárín wọn. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti sọ̀rọ̀ dé orí ìyá Abọ́dúndé àti ìdí tí jollof Nàìjíríà fi ń ta ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́tà náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà.

"Abọ́dúndé." Madam Abena, ọ̀gá gbogbo wọn, ló dúró lẹ́yìn wọn. "Mo wọlé lánàá, o wà níbí. Mo wọlé lónìí, o wà níbí. Ṣé o ti kó wá síbí ni?"

Abọ́dúndé fò dìde. "Lẹ́tà òróró yẹn ni, Madam."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Àwọn kan wà ní Tudu tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n ní ọjọ́ kan péré ló máa gbà wọ́n. Bí lẹ́tà yẹn bá tún dé ọ̀dọ̀ Ràfíátù lọ́jọ́ Ajé, àwọn ni màá gbé iṣẹ́ rẹ fún, kí o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Yoo?"

"Ó ti yé mi, Madam."

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà náà dé. Fóònù dún, Abọ́dúndé gòkè. Bọ̀ọ̀lì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú un.

"Lónìí ni màá dí ihò yẹn," ni Abọ́dúndé wí.

"Pátápátá?"

"Pátápátá."

Ràfíátù wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tí asẹ́ yín bá wá mú, ibo ló ń lọ?"

"Sínú àpótí pàǹtí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, á pa á rẹ́."

"Bó bá wá ṣèèṣì mú lẹ́tà gidi ńkọ́?"

"Èmi lè yọ ọ́. Ẹni tó ni lẹ́tà náà lè yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ yẹn, lápá òsì, nísàlẹ̀."

"Ehn." Ó wo ibi tó júwe. "Bí kò bá wá sí lẹ́tà òróró mọ́, Búròdá, kí lẹ óò tún máa bá wá sókè?"

"Kò ní sí nǹkan kan."

"Koraa? Kò sí rárá?"

"Rárá."

Nígbà tí àwọn yòókù ń sáré lọ wọ ọkọ̀ trotro ní ìrọ̀lẹ́, Abọ́dúndé jókòó níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan. Ó mí kanlẹ̀, ó pa iná, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́, nítorí kò sí ohun tó ń kán an lójú. Bó ṣe jókòó ni Madam Abena yọrí sí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn.

"Mo ti béèrè lọ́wọ́ Ràfíátù. Ó ní kò sí lẹ́tà kankan. O ṣe é, Abọ́dúndé. Iṣẹ́ rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ."

"Ẹ ṣé, Madam."

Bàtà Madam kò tíì dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn tí fóònù fi dún.

"Búròdá, ó tún ti dé."

"Madam ní o sọ pé kò sí lẹ́tà kankan."

"Ṣé Madam ni orúnkún ń dùn ni? Bọ̀ọ̀lì ti ń tutù o. Ṣé ẹ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀?"

Abọ́dúndé, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún lẹ́tà náà láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, tó sì tì í pa pátápátá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ṣí àkọsílẹ̀ asẹ́ wò: asẹ́ ti mú un ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjì, ó ti jù ú sínú àpótí pàǹtí, ibẹ̀ ló sì wà jẹ́ẹ́ títí di aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí Ràfíátù lọ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ jáde.