Àna Tó Dọ̀bálẹ̀ ní Ọsibítù

Ọkọ mi wà ní yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù. Kọ́lájọ, ọkọ ọmọ wa, wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àna gidi! Ọmọ Ìlá ni!

Nọ́ọ̀sì pariwo: "Ẹ dìde nílẹ̀ yẹn!"

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ò ń jowú ni? Ọkọ tìẹ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹ?"

Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín, ó di bàbá lọ́wọ́ mú díẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó sáré jáde.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, wọn ò fọwọ́! Kòkòrò tó wà lára bàbá, kò sí oògùn tó ń pa á mọ́. Ó lè wà nílẹ̀ yìí náà. Níbo ni wọ́n ń sáré lọ?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Tẹ́júọlá ọmọ wa, ìyàwó Kọ́lájọ, bímọ láàárọ̀ yìí; ọ̀dọ̀ wọn ló ń sáré lọ.

Mo já síta, ariwo mi ju ti nọ́ọ̀sì lọ: "Kọ́lájọ! Má tíì gbé ọmọ o!"