Ibi Tí Ọsàn Ń Lọ

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù, àwọn onímọ̀ omi máa ń gba ará ìlú láyè láti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí odò. Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n á ju ọsàn sódò láti orí afárá, ọkọ̀ ojú omi á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì kọ ibi tó gbà àti ìṣẹ́jú tó lò sílẹ̀. Ọsàn kì í rì, ojú sì tètè ń rí i.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí obìnrin aránṣọ kan máa wá nìyí. Aṣọ alápá gígùn ló wọ̀ nínú oòrùn, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Á dìde, á jókòó, á yí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ po, á tún bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnì kan pè é. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá wọn wo aago, bi í bóyá orí ìjàlọ ló jókòó lé. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín.

Ó bi ọ̀gá àwọn onímọ̀ omi pé ohun tó bá wúwo ju ọsàn lọ ńkọ́.

"Bíi kí ni, mà?"

"Bí èèyàn." Ó wolẹ̀. "Ọkọ mi ni. Kò mọ̀wẹ̀. Orí afárá yẹn ló máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́."

Tíṣà kábàámọ̀ yẹ̀yẹ́ tó ṣe, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àánú obìnrin náà ṣe ọ̀gá débi pé ó pa iṣẹ́ ọjọ́ náà tì. Wọ́n bu iyanrìn etídò sínú àpò méjì, wọ́n so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ojú lè máa rí i. Aránṣọ ló sọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó, nítorí ó mọ ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ láti èjìká dé kókósẹ̀.

Èyí tí wọ́n jù lápá òsì gúnlẹ̀ sí èbúté kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Èyí tí wọ́n jù lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta afárá, wọ ibú abẹ́ àpáta, tòun ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Wọ́n dúró títí, kò jáde.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọ̀gá wí. "Ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó ní ó dá òun lójú. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe, pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun máa ń wọn aṣọ kí òun tó ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Wọ́n ju àpò mìíràn síbi òpó kẹta. Òun náà kò jáde. Ìgbà yẹn ni aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́.

Gbogbo wọn kí i kú ìrọ́jú. Tíṣà fẹ́ sìn ín délé, obìnrin náà ní kó má ṣèyọnu.

Nígbà tó kanlẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ ló ṣí i, ó gbá apá rẹ̀ mú níbi tó ti máa ń gbá a mú, lórí ojú àpá tí aṣọ alápá gígùn náà bò, ó sì bi í pé ibo ló ti ń bọ̀ látàárọ̀.