Oògùn Tó Ń Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Ìyá aránṣọ gbaná jẹ, ó ń lu tábìlì apòògùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún mi! Ẹ̀jẹ̀ ò dá lára ọmọbìnrin mi láti ìjẹta."

"Màmá, ẹ ní kó wá fúnra rẹ̀."

"Ojú ń tì í. Ṣé ojú kì í ti ìwọ ni?"

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́? Ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ!"

"Ìdí tí mo fi béèrè ọjọ́ orí ni pé, bí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé bá ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́, oògùn yìí lè bo àìsàn mọ́lẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ilé ọlẹ̀ rẹ̀ wò."

Ìyá aránṣọ gbọ́wọ́ kúrò lórí tábìlì.

"Kọ orúkọ ilé ìwòsàn kan fún mi."

"Ṣé ọmọbìnrin yín á lọ?"

"Ọmọbìnrin wo? Ọkùnrin nìkan ni mo bí. Má wojú mi. Kọ ọ́!"